Sàréè Kan tí Julienne Kò Wọ̀n

Okùn ìdíwọ̀n méjì ni Julienne rán pọ̀ di ọ̀kan. Okùn aránṣọ kì í gùn ju mítà kan àti ààbọ̀ lọ, òkú àgbàlagbà sì gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òwú dúdú ló fi rán wọn pọ̀. Ó tú u, ó tún un rán, nítorí pé rírán àkọ́kọ́ jẹ ìdajì sẹ̀ntímítà. Okùn yìí máa ń wà lọ́rùn rẹ̀ bí ó bá ń lọ sí itẹ́ òkú, bí ó ti ń wà lọ́rùn rẹ̀ bí ó bá jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n ní ọ̀nà Agbonou a rò pé ó ń lọ wọn aṣọ fún oníbàárà. Àwọn tó mọ̀ ọ́n a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́:

"Ìyá aránṣọ, ta ló kú tí ẹ ń lọ rán ṣòkòtò fún?"

Kì í dá wọn lóhùn. Kì í ṣe pé inú ń bí i. Ìṣísẹ̀ ló ń kà.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni. Atakpamé ló ń gbé, nínú yàrá méjì lẹ́yìn ọjà, ṣùgbọ́n ọmọ Ìdí-Àràbà ni ìyá rẹ̀, Yínká. Abúlé àgbẹ̀ ni Ìdí-Àràbà, ó wà lẹ́yìn òkè tí èèyàn máa ń gùn bí ó bá ti kọjá Kamina. Julienne kò lọ sí ilé ìwé. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kí ó tó mọ ìwé kà, ọwọ́ àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ló sì ti kọ́ ọ. Bí ẹ̀rọ bá dákẹ́, a ní kí wọ́n ka ìwé wọn sókè, òun a sì máa fi ìka tẹ̀lé ọ̀rọ̀ náà. Ọdún mẹ́rin ni ó gbà á. Kò yára sí ohunkóhun rí.

Ikú ìyá rẹ̀ ló mú un wọ inú iṣẹ́ sàréè. Nígbà tí Yínká kú, ẹbí fẹ́ sin ín sí ẹ̀gbẹ́ ìyá tirẹ̀. Wọ́n béèrè pé níbo ni ìyá náà wà. Èèyàn mẹ́fà nawọ́ sí ibi mẹ́fà. Níkẹyìn wọ́n sin Yínká sí ibi tí ilẹ̀ ti rọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Julienne ra ìwé àjákọ kan, irú èyí tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń pè ní kàyé, ó sì fi rúlà fa ojú ewé rẹ̀ sí ọ̀nà márùn-ún: orúkọ òkú, ibi tí ó wà, gígùn, ohun tó wà lórí rẹ̀, ẹni tó sọ fún mi.

Gígùn ni àwọn èèyàn kò lóye. "Kí lo fẹ́ fi gígùn òkú ṣe?" Ṣùgbọ́n ó ní ìdí. Láyé àtijọ́ ní àwọn abúlé wọ̀nyẹn, bí èèyàn bá kú sí ọ̀nà jíjìn, tí kò sí ohun tí yóò gbé òkú rẹ̀ wálé, àwọn tó wà pẹ̀lú rẹ̀ a gé díẹ̀ nínú irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀, wọn a dì í sínú aṣọ funfun, ẹni tó ń bọ̀ nílé a sì mú un bọ̀. Wọn a sin ín bí ẹni sin òkú pípé, tẹkúntẹkún. Ara wà ní ẹ̀yìn odi, irun àti èékánná wà nílé. Ẹnì kan ṣoṣo, sàréè méjì. Ẹni tó bá ń ka sàréè tí kò mọ èyí yóò ka èèyàn kan ní méjì. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ òkè náà le bí irin, kò sì sí ẹni tó máa gbẹ́ ẹ ju bí ó ti yẹ lọ. Sàréè irun àti èékánná kì í gùn ju apá kan lọ. Nítorí náà ni Julienne ṣe ń wọ̀n.

Kàyé kan di mẹ́sàn-án. Àwọn ọmọ ẹbí tó wà ní Lomé bẹ̀rẹ̀ sí béèrè, lẹ́yìn náà àwọn tó wà ní òkè òkun. Ẹnì kan ya fọ́tò gbogbo ojú ewé, ó sì fi wọ́n sórí WhatsApp níbi tí gbogbo ẹbí ti lè rí wọn. Láti ìgbà náà, bí àríyànjiyàn bá dé, ẹnì kan a fa fóònù yọ, a ní, "Ẹ dúró ná, kí ni Màmá Julienne kọ?" Ohun tí ó bá kọ, ó parí síbẹ̀.

Ojú ewé kọkànlélọ́gbọ̀n nínú kàyé kejì ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti tó ọdún mọ́kàndínlógún tí ó kọ ọ́. Ní itẹ́ òkú àtijọ́ tó wà ní Agbonou, àdúgbò kan ní Atakpamé, sàréè oní-sìmẹ́ńtì kan wà tí ẹnì kan fi ìka kọ̀wé sí nígbà tí sìmẹ́ńtì ṣì tutù: FANIYI, KAMINA, 1913. Hilaire, òṣìṣẹ́ ìjọba, àti gbogbo ẹbí rẹ̀ ní Agbonou, ọmọ Ìjọ Àgùdà paraku, wọ́n ní bàbá ńlá àwọn nìyẹn, ẹni tó bá àwọn Jámánì ru irin nígbà tí wọ́n ń gbé òpó wáyà ró ní Kamina. Ní Ìdí-Àràbà, lábẹ́ igi àràbà gan-an, òkìtì òkúta kan wà tí wọ́n ń pè ní ti Fáníyì bákan náà, Fáníyì tí Julienne fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọ-ọmọ-ọmọ rẹ̀. Nígbà tí ó dé ibẹ̀ láti béèrè, olórí ilé ìgbà náà sọ fún un pé irun àti èékánná ni wọ́n sin síbẹ̀, pé Kamina ni Fáníyì kú sí. Julienne so ó pọ̀. Ara wà ní Agbonou, irun wà ní Ìdí-Àràbà. Bàbá kan, ìdílé méjì.

Inú àwọn méjèèjì dùn. Láti ọdún náà ni wọ́n ti ń pàdé ní Ọjọ́ Ìrántí Àwọn Òkú, ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá. Wọn a kọ́kọ́ ro sàréè Agbonou, fadá a gbàdúrà sí i, wọn a wá gun òkè lọ ro ti Ìdí-Àràbà, wọn a pa ewúrẹ́ kan, wọn a jẹun pọ̀. Àwọn ará Agbonou tó ń gba owó oṣù ní ìbátan tó ń kó iṣu wá fún wọn. Àwọn ará Ìdí-Àràbà ní ìbátan tó mọ ọ̀nà ọ́fíìsì.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún tó kọjá, lẹ́yìn Mísà ọjọ́ Àìkú kan, ọmọ méjì wọlé tọ Julienne wá. Vanessa ni ọmọbìnrin náà, ọmọ Hilaire, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kékeré kan. Stéphane ni ọmọkùnrin náà, tíṣà ni, ọmọ Ìdí-Àràbà.

"Màmá, ẹ kú ìsinmi."

"Ẹ káàbọ̀. Ẹ jókòó. Ìwọ, má jókòó lé aṣọ yẹn, aṣọ aláṣọ ni."

Stéphane dìde dúró. Vanessa ló sọ̀rọ̀.

"Màmá, ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí a pàdé."

"Èmi? Níbo?"

"Lórí sàréè ni. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ní Ọjọ́ Ìrántí. Èmi ń pọn omi, òun ń ro koríko. Ó ro koríko náà títí ó fi ro ó dé orí bàtà mi."

"Kò fẹ́ kúrò lọ́nà ni, Màmá," ni Stéphane wí.

Julienne kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó gbé aṣọ náà kúrò lórí àga kí ọmọkùnrin náà lè jókòó.

Ohun tí wọ́n bá wá kò gùn. Wọ́n fẹ́ fẹ́ ara wọn. Hilaire ní èèwọ̀ ni, pé ọmọ bàbá kan kì í fẹ́ ara wọn, pé ó wà nínú kàyé. Ìdí-Àràbà sọ ohun kan náà. Wọ́n ti dá ọjọ́ fún wọn: kí Ọjọ́ Ìrántí tó ń bọ̀ tó pé, kí oníkálukú ti gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn yóò gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ níwájú gbogbo ẹbí.

"Ohun tó wà nínú kàyé, mo ti kọ ọ́," ni Julienne wí. "N kò lè pa á rẹ́ nítorí pé ẹ rẹwà."

"A kò ní kí ẹ pa á rẹ́, Màmá." Vanessa fa fóònù rẹ̀ yọ. "Mo ti ka gbogbo kàyé mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Sàréè igba ó lé mẹ́rìnlá ló wà níbẹ̀. Lábẹ́ gígùn, igba ó lé mọ́kànlá ní nọ́mbà. Mẹ́ta péré ni ó ní ọ̀rọ̀ dípò nọ́mbà. Ọ̀kan nínú mẹ́ta náà ni Fáníyì ti Ìdí-Àràbà. Ẹ kọ 'kékeré' síbẹ̀." Ó gbé fóònù náà sí iwájú rẹ̀. "Kékeré báwo, Màmá? Ṣé ẹ wọ̀n ọ́n?"

Julienne mú gíláàsì ojú rẹ̀ wọ̀, ó wo fóònù náà. Lóde, ẹnì kan ń ta búrẹ́dì, ó kọjá lọ, ó tún padà.

"Rárá," ni ó wí.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó gbé kàyé kejì jáde láti inú àpótí. Ó rántí ọjọ́ náà. Oṣù keje ni, òjò ti rọ̀, igbó ti bo òkìtì náà, oyin sì wà ní gbòǹgbò àràbà. Olórí ilé dúró lókèèrè, ó nawọ́, ó ní, "Ibẹ̀ yẹn ni, kékeré ni." Julienne kọ ohun tí ó gbọ́. Kì í ṣe oyin nìkan ló dá a dúró. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí rẹ̀. Ilé ìyá rẹ̀, ilé àgbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, ní bàbá ńlá tó ṣiṣẹ́ ní Kamina, tó ní sìmẹ́ńtì lórí. Ó dùn tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi padà lọ ní ẹ̀ẹ̀rùn. Ogójì ọdún ló sì ti ń sọ fún àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ pé ẹni tí kò bá wọ̀n, kó má gé.

Ó dúró kí òjò dá díẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹwàá, ó gun alùpùpù akérò dé ìsàlẹ̀ òkè, ó fi ẹsẹ̀ rìn èyí tó kù. Bàbá Ẹ̀taòkò, ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin, ni olórí ilé báyìí, nítorí pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó bá Julienne sọ̀rọ̀ nígbà náà ti kú. Àwọn òrìṣà ilé ni Bàbá Ẹ̀taòkò ń sìn. Kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì rí, ṣùgbọ́n kò kórìíra orin wọn. Ó wà lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń yọ àgbàdo kúrò lára ṣúkù.

"Ọmọ Yínká, o tún dé. Ta lo wá wọ̀n? Èmi kò tíì kú o."

"Mo mọ̀, Bàbá. Ẹ̀yin ṣì wà lẹ́yìn."

"Bí ó bá kàn mí, kọ ọ́ pé mo ga. Èyí tí o ń wò yìí, ọjọ́ orí ló kán an."

Ó sọ ohun tó bá wá fún un. Kò ya Bàbá lẹ́nu. Ó bu omi tútù sínú igbá, ó mú un lọ sí ìdí àràbà, ó ta á sílẹ̀. "Fáníyì, ọmọ Yínká nìyí, ọmọ ilé ni. Ó fẹ́ wọ̀n ẹ́. Má bínú sí i, bí ó ti máa ń ṣe nìyẹn." Julienne dúró kí ó parí, ó wá ṣe àmì àgbélébùú. Bàbá náà dúró kí ó parí.

Julienne nìkan ló ṣán igbó náà. Kò gbà kí ẹnikẹ́ni ran òun lọ́wọ́, torí ẹni tí kò mọ òkúta sàréè yàtọ̀ sí òkúta oko yóò da gbogbo rẹ̀ rú. Oyin ti lọ. Lábẹ́ òkìtì náà ó rí ohun tí kò rí ní ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn: òkúta yangí tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ní ìdúró, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, yípo. Ó kúnlẹ̀. Ó na okùn láti orí dé ẹsẹ̀. Ó kọ nọ́mbà náà sí ọwọ́. Ó lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó tún na án. Ó nà án lẹ́ẹ̀kẹta.

"Mélòó ni?" ni Bàbá béèrè.

"Mítà kan àti sẹ̀ntímítà mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún."

"Sọ èyí tí mo máa gbọ́."

Julienne wo ilẹ̀. Ó ká okùn náà, ó tẹ́ ìborùn rẹ̀, ó sì dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ sàréè náà, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ tán. Òkúta orí kọjá orí rẹ̀. Òkúta ẹsẹ̀ kọjá ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ìwọ̀n ọwọ́ kan.

Bàbá Ẹ̀taòkò rẹ́rìn-ín títí ó fi di igi mú. "Irú èékánná wo nìyẹn! Ṣé ẹkùn ni wọ́n sin?"

Julienne dìde, ó gbọn ìborùn rẹ̀. "Bàbá, ta ló wà níbí?"

"Fáníyì ni."

"Irun àti èékánná rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀. Inú ilé yẹn ló kú sí. Ìyá mi ló sọ fún mi, òun ló sì gbé oúnjẹ ìkẹyìn fún un."

"Ẹ̀gbọ́n yín sọ fún mi pé Kamina ni ó kú sí."

"Mo mọ̀. Mo wà níbẹ̀. Èmi ni mo gbé àga wá fún ẹ."

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ̀rọ̀?"

Bàbá wò ó bí ẹni pé ìbéèrè náà kò yẹ ẹni tó tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ orí. "Ẹ̀gbọ́n mi ló ń sọ̀rọ̀. Ṣé kí n já ẹ̀gbọ́n mi ní irọ́ lójú ẹni tó mú bírò dání?"

"Ó ti tó ọdún mẹ́rìnlá tí wọ́n ti kú, Bàbá."

"Ìwọ náà kò tún béèrè."

Òótọ́ ni.

Bàbá mú un yí igi náà ká. Ní ẹ̀yìn, láàárín gbòǹgbò méjì, òkìtì mìíràn wà tó kéré. Ògúnyínká ni, ni ó wí, àbúrò Fáníyì, ẹni tó kú ní ọ̀nà Notsé níbi tí ó ti ń ru òwú lọ tà. Irun rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ ni wọ́n gbé wálé. Julienne na okùn: sẹ̀ntímítà mẹ́rìnléláàádọ́rin. Ìtàn tí olórí ilé ìgbà náà sọ kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ó kàn gbé e láti ẹ̀yìn igi wá sí iwájú igi ni.

"Kí ló mú wọn ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Ìwọ lo kọ́kọ́ sọ fún un pé àwọn Fáníyì kan wà ní Agbonou tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Mo rí ojú rẹ̀ nígbà tí o sọ ọ́. Ó ní ó dára kí ilé ní akọ̀wé." Bàbá jókòó sórí gbòǹgbò. "Ọdún wo ni wọ́n kọ sí ti Agbonou?"

"Ẹgbẹ̀rún ó lé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún ó lé mẹ́tàlá. Ó ku ọdún kan kí àwọn Jámánì tó wó òpó Kamina nígbà ogun."

"Ọdún tí òpó náà wó gan-an ni wọ́n bí bàbá mi. Fáníyì ló gbé e síta ní ọjọ́ kẹjọ, tí ó sọ ọ́ lórúkọ. Òkú kì í sọ ọmọ lórúkọ, ọmọ Yínká."

Ó tó fún ẹlòmíràn. Kò tó fún Julienne. Ó ṣeé ṣe kí àwọn Fáníyì méjèèjì jẹ́ ìbátan ní ọ̀nà mìíràn. Nítorí náà ó lọ bá Ignace, katikísì tó ń tọ́jú àwọn ìwé ìrìbọmi àtijọ́ ní páríìṣì. Ignace ti lo ọdún méjì ní sẹ́mínárì kí ó tó padà wálé wá fẹ́ ìyàwó. Látìnì tí ó bá bọ̀ ló fi ń gbé ara rẹ̀ ga.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án, Màmá. Ìka yín ní òróró ẹ̀rọ."

"Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Kà á."

Ọ̀sán ọjọ́ méjì ni wọ́n fi wá a. Wọ́n bá a nínú àwọn tí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún lórí ibùsùn ikú. Ignace fi etí ìwé pẹlẹbẹ kan tẹ̀lé ìlà náà, ó ń túmọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀: Josẹ́fù, tí a ti ń pè ní Fáníyì, ẹni bí ogójì ọdún, arẹ́rù ní Kamina, orúkọ bàbá rẹ̀ Ọ̀sányẹmí, ará Ṣábẹ̀ẹ́.

"Ṣábẹ̀ẹ́," ni Julienne wí. "Ní ilẹ̀ Benin."

"Ibẹ̀ ni."

Fáníyì ti Ìdí-Àràbà, Ẹ̀taòkò ni bàbá rẹ̀ ń jẹ́, ọkùnrin tó kọ́kọ́ fi àdá kan igbó òkè náà. Orúkọ rẹ̀ ni bàbá arúgbó tó ń yọ àgbàdo yẹn ń jẹ́. Àlejò ni ti Agbonou. Ó wá ru irin, àìsàn mú un, àwọn tó bá ṣiṣẹ́ sin ín, àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì padà sílé mọ́. Kò sí ohun tó pa àwọn méjèèjì pọ̀ bí kò ṣe orúkọ, àti Julienne.

Ignace pa ìwé dé. "Ẹ lọ sọ fún àwọn òbí ọmọ náà ní ìdákẹ́jẹ́. Kí ni ti ariwo? Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbátan ni wọ́n, ìran kẹrin ni, Ìjọ kò ní wàhálà. Bí ẹ bá sọ ọ́ ní gbangba, wọn yóò ní èwo ló kù tí ẹ kọ tó jẹ́ òótọ́."

"Gbangba ni mo kọ ọ́ sí," ni Julienne wí.

Ṣùgbọ́n kò jẹun dáadáa ní ọ̀sẹ̀ náà. Kì í ṣe ìtìjú nìkan. Ó ń ro àwọn ewúrẹ́, iṣu, àwọn ọmọ tó ti ń pe ara wọn ní ẹ̀gbọ́n àti àbúrò láti ọdún mọ́kàndínlógún. Ọjọ́ tí àwọn ọmọ méjì yìí bá di àjèjì sí ara wọn kí wọ́n lè fẹ́ra, ọjọ́ náà ni gbogbo àwọn yòókù yóò di àjèjì láìfẹ́.

Ọjọ́ Ìrántí pé. Ní itẹ́ òkú Agbonou, wọ́n ti ro koríko, fadá ti wọ́n omi mímọ́, ó ti kọjá sí sàréè ẹlòmíràn. Vanessa dúró ní apá kan, Stéphane ní apá kejì, bí àwọn àgbà ti ní kí wọ́n ṣe. Hilaire, nínú aṣọ funfun, ti ń tún ohùn ṣe láti sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọ tí kò gbọ́ràn. Julienne ní kí ó ṣe sùúrù. Ó ṣí kàyé kejì.

Kò yí ọ̀rọ̀ náà ká. Ó ka ohun tí ó kọ ní ọdún náà, ó ní òun kò wọn sàréè náà kí òun tó kọ ọ́. Ó sọ nọ́mbà tí òun rí báyìí. Ó sọ ti Ògúnyínká lẹ́yìn igi. Ó ka ohun tí Ignace túmọ̀, orúkọ bàbá kan, orúkọ bàbá kejì. "Èèyàn méjì ni wọ́n," ni ó wí. "Èmi ni mo pa wọ́n pọ̀. Àṣìṣe mi ni, kì í ṣe ti olórí ilé tó ti lọ. Ẹni tó sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀. Èmi ló yẹ kí n wọ̀n."

Hilaire bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún gbé e wọ̀.

"Màmá Julienne. Ọdún mọ́kàndínlógún. Òkè yẹn, pẹ̀lú orúnkún mi yìí. Ẹni tí mo ń lọ kúnlẹ̀ fún, n kò mọ̀ ọ́n rí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Tí mo fi omi mímọ́ wọ́n ọn!"

Bàbá Ẹ̀taòkò, tí wọ́n gbé jókòó sórí àga lábẹ́ òjìji igi máńgòrò, gbé ọwọ́ sókè. "Ìyẹn ni kí o bi èmi. Bàbá ńlá mi kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì rí, ẹ ti kọ Látìnì lé e lórí di ìdajì Àgùdà. Ta ni yóò bá mi yọ ọ́ kúrò níbẹ̀?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ẹnì kan. Àwọn obìnrin ẹ̀yìn bú sẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà àwọn ọkùnrin. Hilaire nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo sìmẹ́ńtì náà, ibi tí ìka ti kọ̀wé sí.

"Ṣábẹ̀ẹ́," ni ó wí. "A ò wá ní ẹnikẹ́ni níbí nígbà náà."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni Julienne ti ń bẹ̀rù.

Bàbá Ẹ̀taòkò ló dá a lóhùn. "Hilaire, ṣé o ní ọmọbìnrin?"

"Ẹ mọ̀ ọ́n, Bàbá. Òun nìyẹn."

"Ìbéèrè ni mo bi. Ìgbà tí a jẹ́ ìbátan, mo mọ̀ ọ́n. Ní báyìí tí a jẹ́ àlejò sí ara wa, n kò mọ ẹnikẹ́ni nínú ilé rẹ. Ṣé o ní ọmọbìnrin?"

Hilaire wo Vanessa. "Mo ní," ni ó wí.

"Nígbà náà, a ó wá béèrè rẹ̀ bí wọ́n ti ń béèrè ọmọ ẹlòmíràn. Ẹ má wulẹ̀ júwe ọ̀nà fún wa."

Stéphane gbé ẹsẹ̀ kan, ìyá rẹ̀ fà á láṣọ padà, ó ní kò tíì kàn án. Vanessa ń wo Julienne. Julienne ti kúnlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ sìmẹ́ńtì, ó ti gbé kàyé lé e, ó fi bírò pupa fa ìlà sórí ọ̀rọ̀ náà, "kékeré", fẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó kọ 1,93 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ orúkọ olórí ilé tó ti kú, lábẹ́ ẹni tó sọ fún mi, ó fi orúkọ Bàbá Ẹ̀taòkò kún un, ó sì kọ síwájú rẹ̀: ó wà níbẹ̀, n kò bi í.

Ọdún náà wọ́n ṣì gun òkè lọ jẹ ewúrẹ́ náà, nítorí pé wọ́n ti rà á.

Lórí fóònù, ọ̀rọ̀ pọ̀. Ẹnì kan ní Lomé kọ̀wé pé kí wọ́n má ka kàyé náà sí mọ́. Ẹlòmíràn ní òun kò mọ ìwé mìíràn tó ń sọ ibi tí ó ti ṣìnà. Julienne rántí pé mẹ́ta ni Vanessa kà tí kò ní nọ́mbà.

Ọjọ́ tí Ìdí-Àràbà wá tọrọ ìyàwó ní Agbonou, nínú oṣù kìíní, Julienne pẹ́ dé. Wọ́n ti jẹun tán, Bàbá Ẹ̀taòkò ti ń sùn lórí àga. Ó wọlé pẹ̀lú okùn lọ́rùn, eruku pupa dé orúnkún aṣọ rẹ̀. Vanessa, tó ti mú aṣọ tuntun wọ̀, dìde fún un ní àga.

"Màmá, níbo lẹ ti ń bọ̀?"

Julienne mú kàyé karùn-ún jáde nínú àpò, ó ṣí i sí ibi tí ó fi ewé koríko sàmì sí. Wọ́n ti fa ìlà pupa lórí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀, "bí ti ọmọdé". Nọ́mbà wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: 1,12.

"Ọmọdé ni lóòótọ́," ni ó wí, ó sì jókòó. "Ó ku ọ̀kan."